Ìbọn Tí Àlàbí Kùn Lọ́dà

Àdín ta sára ọ̀pá ìbọn tó gbóná, èéfín sì bo gbogbo ilé arọ. Bàbá Àgbà, bàbá tó bí ìyá mi, ń fi àkísà ra òróró náà lọ, wọ́n ń rà á bọ̀, láti ẹnu ìbọn dé ìdí. Wọ́n ń wúkọ́, wọn ò dáwọ́ dúró. Nígbà tí èéfín fi máa ká kúrò, irin tó funfun lẹ́ẹ̀kan ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Òórùn àdín jíjó yẹn, mi ò tíì gbọ́ irú rẹ̀ níbòmíràn.

Òkèrèwè, ní Ilé-Ifẹ̀ níbí, ni ilé arọ náà wà, nígbà tí òyìnbó ṣì ń ṣèjọba. Mo rántí gbogbo wọn lórúkọ: Làmídì tó ń fin ẹwìrì, Ògúndáre tó ń gbẹ́ igi ìdí ìbọn, àti Àlàbí, àbúrò ìyá mi. Orúkọ Bàbá nìkan ni n kò ní kọ. Kò sí ọmọ tó pè wọ́n lórúkọ nígbà ayé wọn, èmi náà ò sì ní torí pé mo ti darúgbó kí n wá bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀nà méjì ni Bàbá ń gbà ṣọ́ irin lọ́wọ́ òjò. Àdín ni èkíní. Ó yá, ṣùgbọ́n ọdẹ gbọ́dọ̀ máa fi í pa ìbọn léraléra. Èkejì ni omi ọsàn wẹ́wẹ́: wọ́n á fi í pa irin kó lè dógùn-ún díẹ̀, wọ́n á nù ún, wọ́n á tún pa á, títí irin á fi pọ́n bí èso kòkó gbígbẹ. Àwọn ọdẹ inú igbó fẹ́ràn èyí nítorí kì í kọ mànà lójú ẹran. Àlàbí ló wá gbé ẹ̀kẹta dé, ọ̀dà dúdú tí àwọn tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ń lò.

"Bàbá, ẹ wò ó bó ṣe ń dán! Kò ní béèrè òróró lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni."

"Ó dán lóòótọ́. Bí irin bá ń jẹrà lábẹ́ àdín, màá rí i. Lábẹ́ èyí ńkọ́?"

"Ẹ̀yin náà, Bàbá! Kí ni ẹ kì í fura sí?"

Làmídì dá sí i láti ìdí ẹwìrì. "Bàbá, ẹ jẹ́ kó kùn yín díẹ̀, bóyá irun yín á padà dúdú."

Bàbá pàápàá rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kó máa kùn ún, ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ fi yanrìn àti ewé ipin hó irin títí ara rẹ̀ á fi hàn. Òfin ilé arọ nìyẹn, ohun yòówù tí wọn ì báà fi parí iṣẹ́.

Ní ọjọ́ kan tí Bàbá lọ sóko, Ọdẹ́wálé, ọdẹ kan láti Ẹdúnàbọ̀n, wá gba ìbọn rẹ̀ tó gbé wá fún àtúnṣe, tí Àlàbí sì ti kùn lọ́dà. Ó fẹ́ yìn ín lọ́jọ́ kejì níbi ìsìnkú olórí ọdẹ wọn. Nígbà tí Bàbá dé, wọ́n bi Àlàbí pé, "Ṣé o hó o?"

Àlàbí ń wo ilẹ̀. "Ojú rẹ̀ mọ́, Bàbá. Ọdẹ náà ló ń kánjú."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Bàbá fà mí lọ́wọ́, a wọ bọ̀lẹ́kájà lọ sí Ẹdúnàbọ̀n, torí ibẹ̀ nilé ìyá mi, ọlidé mi sì ti parí. Ilé Ọdẹ́wálé la kọ́kọ́ yà. Ẹ̀tù ló ń dà sínú ìbọn nígbà tí a wọlé.

"Bàbá alágbẹ̀dẹ! Ẹ wá wo iṣẹ́ ọmọ yín. Ó dán ju kẹ̀kẹ́ tíṣà lọ!"

"Ọdẹ́wálé, gbé e fún mi. Má yìn ín."

"Lónìí kẹ̀? Kí n wá lọ lọ́wọ́ òfo lójú gbogbo ẹgbẹ́? Àbí ẹ ń jowú ọmọ yín ni?"

Bàbá ò bá a jiyàn. Wọ́n ṣí fìlà, wọ́n gbé e sílẹ̀, wọ́n sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ẹni tí wọ́n lè fi bí àbíkẹ́yìn. Sàlámọ́tù, ìyàwó Ọdẹ́wálé, figbe ta. Ọdẹ́wálé fúnra rẹ̀ ṣubú lulẹ̀.

"Háà! Ẹ dìde, Bàbá! Kí lẹ fẹ́ sọ mí dà? Ẹ gbà á, ẹ gbà á!"

Bàbá da ẹ̀tù inú rẹ̀ nù, wọ́n sì fa ọ̀bẹ yọ. Ọ̀dà náà ń ṣí bí èèpo kókò. Ní ìsàlẹ̀ ọ̀pá, níbi tí ẹ̀tù ti ń gbiná, irin ti pọ́n yòò. Wọ́n fi ṣónṣó ọ̀bẹ tẹ̀ ẹ́, ó sì wọlé bí ẹni gún iṣu jíjẹrà. Sàlámọ́tù di ọwọ́ ọ̀tún ọkọ rẹ̀ mú, kò fi í sílẹ̀.

Nígbà tí Bàbá padà sílé tí wọ́n sọ ohun tí wọ́n rí, Àlàbí dọ̀bálẹ̀, ó ń sunkún. Wọ́n ní, "Dìde. Ohun tó bá ti ilé arọ mi jáde, èmi ni mo ṣe é." Àlàbí fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi, ó sì ń sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó bá wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ títí ó fi di arúgbó.

Oṣù tó kọjá la sin Àlàbí. Òun ló kẹ́yìn nínú gbogbo wọn. Àwọn ọmọ rẹ̀ ní kí n sọ̀rọ̀, wọ́n sì rọra sọ sí mi létí pé, "Ìyá, dáadáa rẹ̀ nìkan o." Mo sọ ti ìbọn yẹn. Mo sọ bó ṣe kù díẹ̀ kó pa ènìyàn, àti bí bàbá rẹ̀ ṣe nà sílẹ̀ nínú erùpẹ̀ nítorí ẹ̀mí ẹlòmíràn. Ojú wọn kọ́kọ́ le, lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí sunkún. Gbogbo àwọn tí mo mọ̀ ti lọ tán, èmi nìkan ló sì kù láti sọ bí wọ́n ṣe rí. N kò ní kùn wọ́n lọ́dà. Bí wọ́n ṣe rí yẹn náà ni mo ṣe fẹ́ràn wọn.