Ọkọ̀ Ojú Omi Tí Bàbá Mi Fi Lọ́rì Fà

Ọjọ́ tí bàbá mi fi lọ́rì fa ọkọ̀ ojú omi ọ̀gá wọn láti Ìkẹ́rẹ́ lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣe afárá odò Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ kò lè kúrò lọ́kàn mi láé. Orí kẹ̀kẹ́ ẹrù tí wọ́n so mọ́ ẹ̀yìn lọ́rì ni ọkọ̀ náà wà, èmi náà sì wà nínú lọ́rì.

Kí a tó gbéra, bàbá mi bi ọ̀gá pé, "Ṣé kẹ̀kẹ́ tó gbé ọkọ̀ yìí ní bíréèkì tirẹ̀? Òfin ni o."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. "Mo ti tún un ṣe. Ṣé mo lè purọ́ fún ọ ni?"

Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ odò, bàbá mi tẹ bíréèkì, ṣùgbọ́n ẹrù ẹ̀yìn ń tì wá lọ.

"Di ilẹ̀kùn mú!" ni bàbá mi kígbe.

A já wọ inú oko kòkó, ẹsẹ̀ bàbá mi sì kán.

Nígbà tí ọ̀gá àti ọlọ́pàá dé ibẹ̀, ọ̀gá sọ fún ọlọ́pàá lójú wa pé, "Mo kìlọ̀ fún un pé kẹ̀kẹ́ náà kò ní bíréèkì."

Bí wọ́n ṣe ń gbé bàbá mi lọ sí ọsibítù, ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ ni ọ̀gá ń yẹ̀ wò bóyá ó fọ́.