Ìdọ̀bálẹ̀ Tó Gba Bẹ́líìtì Là

Moses Ògúngbèmí ti kú. Ojú títì tó lọ láti Ìkirè sí Apòmù ló kú sí láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, pẹ̀lú bàtà kánfáàsì lẹ́sẹ̀ àti táwẹ̀lì lọ́rùn. Awakọ̀ kan tó ń bọ̀ láti Gbọ̀ngán ló kọ́kọ́ rí i tó jókòó ti igi lẹ́bàá ọ̀nà, ó sì rò pé ó ń sinmi ni. Dókítà ní ọkàn rẹ̀ ló daṣẹ́ sílẹ̀. Kí ni ọkùnrin tó ti lé lógójì ọdún ń sáré fún láàárọ̀ kùtù? Wọ́n ti sọ fún un pé ọdún yìí ni yóò jà fún bẹ́líìtì ni. Wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ fún un lọ́dún tó kọjá. Wọ́n sọ ọ́ lọ́dún tó ṣáájú ìyẹn náà. Moses gbà wọ́n gbọ́, ó so okùn bàtà rẹ̀, ó sì ń sáré.

Àwọn tí mo ń bá wí ni Ìgbìmọ̀ Ìjà Ẹ̀ṣẹ́ Ìkirè òun Apòmù, tí Olóyè Fáyọmí jẹ́ alága fún. Lọ́dọọdún, lọ́jọ́ kejì Àjíǹde, wọ́n máa ń to ríńgì sórí pápá, kí àwọn géńdé tó wúwo jù nínú ìlú méjèèjì lè jà fún bẹ́líìtì. Bẹ́líìtì náà ti wà lọ́wọ́ Dúrótìmí láti ìgbà tí irùngbọ̀n mi ṣì dúdú. Moses ló sì ń kan pákó ríńgì, torí káfíńtà ni. Ẹ bá mi rò ó wò: gbogbo pákó tí Dúrótìmí ń fẹsẹ̀ tẹ̀ nígbà tó bá ń jó ijó ìṣẹ́gun, Moses ló rẹ́ ẹ, òun ló kàn án, òun ló sì fọwọ́ pa á wò kí ìṣó má baà gún ẹnikẹ́ni lẹ́sẹ̀.

Ṣé kò mọ ìjà jà ni? Ẹ bi àwọn ará Orílẹ̀-Òwu. Ọmọkùnrin fìrìgbọ̀n kan wà níbẹ̀ tí Moses kàn lẹ́ṣẹ̀ẹ́ ẹyọ kan péré, tó sì sùn lọ fọnfọn. Nígbà tó lajú, Moses ló rí tó lóṣòó tì í pẹ̀lú ife omi lọ́wọ́. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o," Moses ní. "Ṣé ẹ rí mi báyìí?" Ọkùnrin náà sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀! Bí Moses ṣe rí nìyẹn, ara bí ògiri, ohùn bí ẹni tó ń jí ọmọ ìkókó. Nínú ilé wọn, Susannah ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ tíṣà, ló ń pa ariwo ti àwọn méjèèjì.

Kí ìjà tó wáyé, ọjọ́ kan wà tí à ń pè ní Ọjọ́ Ìwojú. Ṣáḿpíọ̀nù àti ẹni tó fẹ́ gba bẹ́líìtì lọ́wọ́ rẹ̀ á dúró níwájú ìgbìmọ̀, wọ́n á wo ara wọn lójú kòrókòró, wọ́n á fọ́nnu, ìlú á sì máa hó. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ mú Moses jáde lọ́jọ́ náà, Dúrótìmí wo ojú rẹ̀, ó wo apá rẹ̀, ó tún wo apá náà, ló bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ káàsán o, ẹ̀gbọ́n mi," ó ní. "Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀gbọ́n mi rèé. Àwọn ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń we báńdéèjì mọ́ ọwọ́. Ṣé ọwọ́ yìí kan náà ni kí n wá gbé sókè sí wọn? Kí ayé máa pè mí lọ́mọ tí ò lẹ́kọ̀ọ́?"

Olóyè Fáyọmí fi etí agbádá nu ojú. "Ẹ rí ọmọ!" wọ́n ní. "Ọmọ àtàtà nìyí."

Moses ńkọ́? Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti wọ́. Ẹni tí wọ́n bá dọ̀bálẹ̀ fún nílẹ̀ wa, ṣé ó lè dúró kó máa wòran? Moses fọwọ́ kan Dúrótìmí lẹ́yìn, ó ní, "Dìde, àbúrò mi. Wàá dàgbà, wàá dògbó. Ọwọ́ ẹ ò ní rọ." Ẹ gbà mí o! Ọwọ́ tó fẹ́ bá jà ló ń ṣàdúrà fún. Lẹ́yìn irú àdúrà bẹ́ẹ̀, ojú wo ló fẹ́ fi sọ pé òun ṣì fẹ́ gbá a lágbọ̀n? Ìgbìmọ̀ ní kí ó di ọdún tó ń bọ̀.

Nígbà tí ọdún tó ń bọ̀ náà dé, Dúrótìmí tún dọ̀bálẹ̀. Dúrótìmí yìí kan náà tí í yí gíláàsì mọ́tò sókè bó bá rí àgbà lójú ọ̀nà!

Ta ló wá ń bá jà? Ó bá Adébímpé jà, aránṣọ ará Apòmù, tó gun ríńgì pẹ̀lú téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn, tó sì jókòó sílẹ̀ kí ẹ̀ṣẹ́ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó bá atọ́kùn ètò ìnáwó kan jà, tó bọ́ ìbọ̀wọ́ kó lè kí àwọn àlejò pàtàkì. Ó bá ọkùnrin kan tó ń ta dòdò létí títì jà, èyí tó bi rẹfirí bóyá ìjà náà máa pẹ́, torí òróró òun ṣì wà lórí iná. Gbogbo wọn ni Dúrótìmí nà, ó sì ń gbé bẹ́líìtì sókè bí ẹni tó pa erin.

Nígbà tí ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, ó wá ọgbọ́n mìíràn. Ó fẹ́ Dámilọ́lá, àbúrò Moses. Lọ́jọ́ Ìwojú tó tẹ̀ lé e, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Àna mi ni wọ́n." Ta ló máa ní kí wọ́n lu àna? Moses sọ fún mi ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pé, "Ọ̀rẹ́ mi, mo gba iṣu, mo gba oyin, mo jẹ ẹ́ tán ni mo tó rí i pé ọ̀nà bẹ́líìtì ni mo ti tà." Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó mú ayùn rẹ̀, ó sì ń rẹ́ pákó títí mo fi lọ sílé.

Ẹ jẹ́ kí n fi ẹ̀rín sílẹ̀ díẹ̀, torí inú ń bí mi. Lẹ́yìn Ọjọ́ Ìwojú ni dókítà ìgbìmọ̀ máa ń yẹ àwọn ajàjà wò. Ó yẹ aránṣọ wò. Ó yẹ atọ́kùn àti onídòdò wò. Ó fi ẹ̀rọ gbọ́ ọkàn gbogbo wọn. Moses ò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ rí, torí ìdọ̀bálẹ̀ ló máa ń parí ti tirẹ̀. Bí wọ́n bá ti jẹ́ kó jà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ṣé dókítà ò bá ti gbọ́ ohun tí ọkàn yẹn ń sọ? Olóyè Fáyọmí, ẹ dá mi lóhùn.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, Dúrótìmí dé nínú aṣọ dúdú, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú pósí. Àwọn èèyàn yọ fóònù. Susannah wò ó títí, ó ní, "Dìde ńlẹ̀, Dúrótìmí. Ẹni tí ò ń bẹ̀rù ti kú." Omi ń bọ́ lójú mi, síbẹ̀ díẹ̀ ló kù kí n pàtẹ́wọ́ nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì.

Ẹ̀yin rò pé ìtìjú á mú ìgbìmọ̀. Ó ti o. Wọ́n ti lẹ pátákó mọ́ ojú títì: Ìjà Ìrántí Moses Ògúngbèmí! Àwòrán Dúrótìmí ló gba gbogbo ojú pátákó náà, ti Moses wà nísàlẹ̀, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ta sì ni Dúrótìmí fẹ́ bá jà láti fi rántí àna rẹ̀? Awakọ̀ ara rẹ̀ ni! Ẹni tó ń ṣílẹ̀kùn mọ́tò fún un!

Ohun tí mo fẹ́ kò le. Kí Olóyè Fáyọmí àti ìgbìmọ̀ wọn jáde síta, kí wọ́n dárúkọ fún Susannah ní gbangba ẹni tó pàṣẹ lọ́dọọdún pé kí ọkọ rẹ̀ lọ dúró de ọdún tó ń bọ̀. Kí dókítà máa yẹ gbogbo ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ wò, kì í ṣe àwọn tí ṣáḿpíọ̀nù bá yàn nìkan. Kí wọ́n sì já orúkọ Moses kúrò lára pátákó yẹn, àfi bí ìjà gidi bá máa wáyé lábẹ́ rẹ̀.

Ẹni tó máa jà á wà. Khalid ni, géńdé tó ń fọ́ òkúta, tí Moses kọ́ níjà fúnra rẹ̀. Dúrótìmí, mo ti bá ọ wádìí ẹ̀. Kò kọ́ ọ ní ohunkóhun rí. Kò ní àbúrò obìnrin. Ìwọ lo sì dàgbà jù ú lọ, nítorí náà òun ni yóò dọ̀bálẹ̀ kí ọ lọ́jọ́ Ìwojú. Ó ti ṣèlérí fún mi, ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni. Gbàdúrà fún un dáadáa, bí Moses ṣe máa ń gbà á fún ọ. Tí o bá ti ṣe àmín tán, wọ ìbọ̀wọ́ rẹ.