Ebè Tí A Kọ Sójú Títì

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo láyé mi ni mo bẹ ọlọ́pàá pé kó mú mi, ó sì kọ̀.

Ọ̀rọ̀ títì ló fà á. Títì tó gba ìlú wa kọjá lọ sí Ṣakí ti bàjẹ́ débi pé inú oko kaṣú ni àwọn ọlọ́kadà ń gbà, wọ́n fi títì sílẹ̀ fún ewúrẹ́. Òyìnbó kan ló la títì náà nígbà ayé ìyá mi. Òyìnbó yẹn ni bàbá mi. Nígbà tó parí iṣẹ́, orí títì tuntun yẹn náà ló gbà lọ, a ò sì rí i mọ́. Láti kékeré mi, bí mọ́tò bá ti kó sí kòtò, èmi ni wọ́n á yíjú sí pé, "Òyìnbó, wá wo ohun tí bàbá ẹ ṣe!" Àfi bíi pé èmi ni mo po ọ̀dà.

Lọ́dún tí àwọn ọ̀dọ́ ń dìde káàkiri ilẹ̀ yìí, tí rédíò ò ní ọ̀rọ̀ mìíràn ju ìwọ́de lọ, àwọn obìnrin ìlú wa ní àwọn náà á ṣe àyípadà tàwọn. Wọ́n ní ìjọba ti sọ títì di oko, àwọn á kúkú ro ó. Ìyá onígàrí ló ṣáájú wọn. Ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa. Mo ti lé lógójì ọdún, ìlú yìí ni mo bí gbogbo ọmọ mi sí, síbẹ̀ bí ìyá yìí bá rí mi láàárọ̀, á ní, "Òyìnbó, ìgbà wo lo máa padà sílé yín?" Ó máa ń bí mi nínú gan-an. Mo búra pé ìjà yìí, ibi tó bá gbé àwọn yòókù dé ló máa gbé èmi náà dé, kí wọ́n lè kà mí mọ́ ara wọn.

Bí mo ṣe dé ojú títì, wọ́n gbé àga fún mi. Wọ́n tún ṣí agbòjò lé mi lórí, wọ́n ní oòrùn á pa mí. Mo fi agídí gba ọkọ́ lọ́wọ́ ẹnì kan, mo kọ ebè tèmi sínú kòtò tó tóbi jù, mo sì gbin èbù iṣu sí i. Ebè náà rí bí ìgbẹ́ màlúù. Ìyá onígàrí wò ó títí, ó mi orí.

"Bí bàbá ẹ ṣe máa ń ṣiṣẹ́ náà nìyí."

Kí ọ̀sán tó pọ́n, ìjà ààlà ti dé. Obìnrin méjì ń fa ara wọn láṣọ pé ebè ọ̀kan ti wọ ilẹ̀ èkejì. Kò sẹ́ni tó rántí ìjọba mọ́, àfìgbà tí mọ́tò ọlọ́pàá dé. Ọ̀gá wọn ní ká hú gbogbo rẹ̀ kúrò lójú títì.

"Ẹ̀yin ọmọ wa," Ìyá onígàrí ní, "ta ló ń hú èbù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlẹ̀? Ẹ padà wá nígbà tó bá ta."

Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn obìnrin sínú mọ́tò. Mo gùn ún. Ọlọ́pàá kan rọra gbé mi sílẹ̀ bí ẹyin.

"Màdáàmù, kò kàn yín. Ẹ lọ jókòó síbòòji."

Mo bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbà. Inú bí mi, mo bú u délé, mo bú u dóko. Ṣe ni ó bú sẹ́rìn-ín, ó yọ fóònù, ó ń pe àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n wá gbọ́ Yorùbá lẹ́nu òyìnbó. Ibi tó ti ń ya fídíò ni mo ti gba ẹ̀yìn gun mọ́tò, mo di irin mú. Ó sú wọn, wọ́n gbé mi lọ.

Nígbà tí a dé àgọ́ wọn, inú oòrùn ni wọ́n kó àwọn yòókù sí. Wọ́n mú èmi lọ sí ọ́fíìsì ọ̀gá, lábẹ́ fáànù, wọ́n fún mi ní mínírà tútù. Ọ̀gá béèrè bóyá orílẹ̀-èdè mi mọ̀ pé mo wà níbí. Mo ní ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí ni orílẹ̀-èdè mi wà. Kò rẹ́rìn-ín. Ó dùn mí dé ọkàn. Àgọ́ ọlọ́pàá pàápàá, wọn ò kà mí mọ́ ìlú níbẹ̀.

Nígbà tí wọ́n pe ìrun àsárì, wọ́n ní kí àwọn obìnrin máa lọ sílé. Kò sẹ́ni tó mira. Mo gbọ́ ohùn Ìyá onígàrí lójú fèrèsé.

"A ò lọ. Ó ku ẹnì kan."

"Ìyá, kò ku ẹnikẹ́ni. Òyìnbó yẹn nìkan ló kù."

"Òyìnbó wo? Ta ló bá yín wá òyìnbó? Ọmọ wa là ń wá. Ẹni tó kọ ebè burúkú yẹn!"

Mo jáde, ẹkún ti gbọ̀n mí. Mo fẹ́ dì mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti lọ sọ́wọ́ mi.

"Oòrùn ń pa wá, ìwọ ń mu mínírà?"

Ó já ìgò náà gbà, ó mu, ó gbé e fún ẹni tó tẹ̀ lé e, ẹni yẹn náà mu, ó gbé e fún ẹlòmíràn. Kó tó kàn mí, ìfófó ló kù. Mo gbé e sókè, mo mu ìfófó tèmi.