Bísíkíìtì Tó Fọ́ Ló Kọ́ Mi Ní Statistics

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fara balẹ̀, mo fẹ́ ròyìn fún yín bí statistics ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ lé mi kúrò nílé ìwé. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o! Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná.

Ayé SAP ni, ètò ọrọ̀ ajé tó sọ gbogbo nǹkan di ọ̀wọ́n nígbà tí àwọn ológun ń ṣèjọba. Ilé iṣẹ́ bísíkíìtì kan ní Ìkẹjà ni mo ti ń ṣiṣẹ́, Agége ni mò ń gbé. Láti àárọ̀ di ọ̀sán, mò ń to ìdì bísíkíìtì sínú páálí. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, mo gba ilé ìwé gíga kan lọ, níbi tí àwa òṣìṣẹ́ ti ń kàwé fún dípúlómà. Lọ́jọ́ tí epo bá wọ́n tí ọkọ̀ ò sí, ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà rélùwéè. Ṣé ẹ rò pé ẹsẹ̀ rírìn ló ń dùn mí? Rárá. Statistics ni!

Mo ti fèèlì ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Òfin ibẹ̀ sì le: ẹni tó bá fèèlì kọ́ọ̀sì kan náà lẹ́ẹ̀kejì, kó máa lọ sílé ẹ̀ nìyẹn. Bàbá mi ló kó wa wá sí Agége láti Ògbómọ̀ṣọ́, nínú gbogbo ọmọ wọn, èmi ni mo kọ́kọ́ dé ilé ìwé gíga. Mo bá pinnu pé tí wọ́n bá máa lé mi, kò ní jẹ́ torí pé mi ò gbìyànjú. Ojú ti tì mí lẹ́ẹ̀kan, ó tó gẹ́ẹ́!

Olùkọ́ wa ni Ọ̀gbẹ́ni Akínlàdé. Wọ́n máa ń rọra sọ̀rọ̀, àmọ́ bírò pupa ọwọ́ wọn kì í rọra. Wọ́n gbé iṣẹ́ kan fún wa: kí kálukú lọ wọn ohun ogójì níbi iṣẹ́ ẹ̀, kó ṣírò ìwọ̀n àárín wọn, tí wọ́n ń pè ní mean, kó sì fi standard deviation sọ bí àwọn yòókù ṣe jìnnà sí i tó. Ìdajì máàkì wa ló wà nínú iṣẹ́ yìí.

Inú mi dùn, àfi bíi pé mo ti pàásì! Bísíkíìtì tí mò ń fọwọ́ kàn lójoojúmọ́, kí ló tún kù?

Ẹ sì mọ bí wọ́n ṣe tọ́ wa. Tí nǹkan bá ń lọ síwájú àlejò, èyí tó dáa jù lèèyàn máa ń ṣà. Ìyá mi ò lè gbé ẹja tó fọ́ fún àlejò láéláé. Nílé iṣẹ́ wa náà, tí ọ̀gá ńlá bá fẹ́ wá wo iṣẹ́, èyí tó gún régé la máa ń tò sókè páálí. Bí mo ṣe ṣa ìdì ogójì nìyẹn. Èyí tó fọ́, mo yọ ọ́. Èyí tó fúyẹ́, mo yọ ọ́. Ìyá Sáídì, tí àwọn àti èmi jọ ń jókòó nídìí ẹ̀rọ kan náà, tiẹ̀ bá mi fi aṣọ nu ara ọ̀rá wọn! Ẹ gbọ́ ná, ta ló ń nu ọ̀rá bísíkíìtì torí statistics?

Ogójì náà fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ̀n bákan náà. Mo fi rúlà fa ìlà sí ìwé mi, mo sì yan wọ kíláàsì.

Ọ̀gbẹ́ni Akínlàdé wò ó, wọ́n gbójú sókè, wọ́n ní ṣé bísíkíìtì kì í fọ́ nílé iṣẹ́ tiwa ni. Mo ní ó máa ń fọ́ sà, àmọ́ mo ti yọ gbogbo wọn kúrò. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín! Mo ṣàlàyé pé mi ò lè kó èérún bísíkíìtì wá fún olùkọ́ mi.

"Ráfíátù, èmi kì í ṣe àlejò ẹ," ni wọ́n wí. "Ohun tó wà nínú ìkòkò ni mo fẹ́ mọ̀, kì í ṣe èyí tó o bù sáwo fún mi."

Ni wọ́n bá fi bírò pupa fa ìlà gbọọrọ la iṣẹ́ mi já. Wọ́n ní ọ̀sẹ̀ méjì ló kù, kí n lọ tún un ṣe, kí n mú bísíkíìtì láìṣà. Mo sunkún lọ́nà, mi ò ní purọ́ fún yín. Àmọ́ nígbà tí mo fi máa dé Agége, ojú mi ti gbẹ, ìbínú ló kù.

Báwo lèèyàn ṣe ń mú nǹkan láìṣà? Mo gbìyànjú láti dijú mú un, ọwọ́ mi ṣì ń wá èyí tó kún. Ọwọ́ mi ti mọ bísíkíìtì jù!

Ọjọ́ Jímọ̀ ni ojú mi là. Nílé iṣẹ́ wa, ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n máa ń kó bísíkíìtì tó fọ́ sínú ọ̀rá fún àwa òṣìṣẹ́. Àwọn ọ̀rá náà kì í dọ́gba, láyé SAP tí búrẹ́dì di ọ̀wọ́n gógó, ẹ ò lè mọ irú ìjà tó máa ń ṣẹlẹ̀ lórí èyí tó bá kún! Ohun tá a wá ń ṣe ni pé a kọ nọ́ńbà sára ọ̀rá kọ̀ọ̀kan, a kọ nọ́ńbà wọn sínú ìwé péńpé, a ká wọn sínú abọ́, kálukú á wá mú ọ̀kan. Èyí tó bá bọ́ sí ẹ lọ́wọ́, tìẹ nìyẹn, kò sẹ́jọ́. Mo ti ki ọwọ́ bọ abọ́ kó tó sọ sí mi lọ́kàn. Àbí ohun tí Ọ̀gbẹ́ni Akínlàdé ń wí kọ́ nìyí?

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo lọ bá Alàájì, súpáfáísọ̀ wa. Wọn ò kọ́kọ́ gbà. Wọ́n ní wọ́n ń dá òṣìṣẹ́ dúró káàkiri Ìkẹjà, ṣé mo fẹ́ kí àwọn ọ̀gá ńlá rí bísíkíìtì tó fúyẹ́ nídìí ẹ̀rọ tàwọn ni? Mo kúnlẹ̀. Mo ní mi ò ní kọ orúkọ ilé iṣẹ́ síbẹ̀, àkókò ìsinmi mi ni mo sì máa lò.

"Ráfíà, orí kunkun ẹ pọ̀," ni wọ́n wí. "Ó dáa, lọ ṣe é. Má jẹ́ kó kan iṣẹ́ o!"

Ọjọ́ márùn-ún ni mo fi ṣe é. Ojoojúmọ́, mo kọ nọ́ńbà sára ọgọ́rùn-ún ìdì bí wọ́n ṣe ń jáde látinú ẹ̀rọ, tí iná bá lọ, mo kọ nọ́ńbà tá a bá a dé sínú ìwé mi. Tó bá di àkókò ìsinmi, mo mú ìwé mẹ́jọ nínú abọ́, mo sì wọn ìdì tí nọ́ńbà ẹ̀ bá jáde. Ìdúró ni mo ti ń jẹun.

Lọ́jọ́ kẹta, nọ́ńbà mẹ́tàdínlógún jáde. Mo gbé ìdì náà, ó fúyẹ́, ó ń dún wọ́ṣọ́wọ́ṣọ́ lọ́wọ́ mi. Èérún pọ́ńbélé! Ìyá Sáídì wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì.

"Dá a padà jàre! Mú òmíràn. Ta ló máa mọ̀?"

Òótọ́ ni, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ọwọ́ mi ti wà nínú abọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Tí iṣẹ́ yìí bá bàjẹ́, ó parí fún mi nílé ìwé nìyẹn. Àmọ́ tí mo bá tún un mú, kí ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹ̀ àti èyí tí wọ́n fi bírò pupa já? Mo yọ ọwọ́ mi.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, òun ló bọ́ sí mi lọ́wọ́."

Mo wọ̀n ọ́n tòun ti èérún ẹ̀.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, mo jókòó ti ìṣirò. Mi ò ní kálíkúlétọ̀, pẹ́ńsùlù àti ìwé ni. Mò ń yọ mean kúrò lára ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan títí mo fi dé orí mẹ́tàdínlógún yẹn. Ó jìnnà réré! Mo sì mọ ìdí ẹ̀. Iná lọ láàárọ̀ ọjọ́ náà, nígbà tí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, àwọn tó kọ́kọ́ jáde ò kún, wọ́n sì fọ́. Mo wo àwọn yòókù tó fúyẹ́ nínú ìwé mi, ẹ̀yìn ìgbà tí iná lọ ni àwọn náà jáde! Mo pariwo débi pé ìyá mi sáré wọlé, wọ́n rò pé eku ni. Fọ́múlà tí mo ti há sórí látọdún tó kọjá, tí mi ò mọ orí tí mi ò mọ ìdí ẹ̀, ọjọ́ yẹn ló tó yé mi.

Ní kíláàsì, Ọ̀gbẹ́ni Akínlàdé fi ìka lé mẹ́tàdínlógún. Wọ́n bi mí pé kí ló dé tí mi ò yọ ọ́. Mo ní òun ni ọwọ́ mi mú, sà, mo sì ṣàlàyé ọ̀rọ̀ iná. Wọ́n bọ́ gíláàsì ojú wọn, wọ́n ní kí n bọ́ síwájú, kí n ṣàlàyé ẹ̀ fún gbogbo kíláàsì. Àwọn tó fi mí rẹ́rìn-ín ń kọ ọ́ sílẹ̀!

Nígbà tí èsì jáde, C ni mo gbà. Kì í ṣe A o, torí ojú mi ṣì rí màbo nínú ìdánwò. Àmọ́ mo ti yege! Mo fi ìka tẹ orúkọ mi lára ìwé èsì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo sì rìn dé Agége láìmọ̀ pé mo rìn.

Ohun tí mo kọ́ ni pé tá a bá ń ṣa èyí tó dáa nìkan kà, ara wa là ń tàn jẹ, ibi tí ìṣòro wà ò sì ní hàn sí wa láéláé. Ẹ̀yin ńkọ́? Kọ́ọ̀sì wo ló fojú yín rí nǹkan? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ ká jọ kà á. Mo ti sọ ti fèèlì mi fún yín láìbò, ẹ má fi tiyín pamọ́ fún mi o!