Yàrá Tí Mo Wà Nígbà Tí Wọ́n Ń Sin Ọmọ Mi

Ìjẹ̀ṣà òṣèré, ọmọ onílé obì, ọmọ ẹlẹ́ní ẹwẹlẹ, ọmọ ẹlẹ́ní àtẹ́ẹ̀ká, adúmáadán tí mo kọ́kọ́ bí. Àkọ́bí mi obìnrin ló lọ yìí. Télọ̀ ni. Agbówó ni ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ wà, lẹ́nu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń bá ránṣọ ló sì ti gbọ́ ọ̀rọ̀ kan, fẹ́míníìsì. Ó ní ohun tí òun jẹ́ nìyẹn. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, mo ní kó túmọ̀ ẹ̀ fún mi.

"Màámi, pé èèyàn ni obìnrin náà."

Mo ní, ta ló ń jiyàn?

Àwọn oníbàárà ẹ̀ máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Mo mọ gbogbo wọn lórúkọ, mi ò ní dárúkọ ẹnì kankan. Kí obìnrin tó lè sọ fún un pé ọkọ òun gba fóònù lọ́wọ́ òun, á kọ́kọ́ ní, "Èmi kì í ṣe fẹ́míníìsì o." Ọmọ mi á ní, "Ẹ gbọ́wọ́ sókè kí n wọn àyà yín, ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe fẹ́míníìsì." Wọ́n á jọ rẹ́rìn-ín.

Àìsàn ló mú un lọ. Láàárọ̀ ìsìnkú, mo ti múra tán nílé wa ní Bódìjà, ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin bá dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá.

"Ìyàwó, ibo lò ń lọ? Òbí kì í rí sàréè ọmọ."

"Bàbá ẹ̀ ńkọ́, tó ti wà nínú ọkọ̀?"

"Ọkùnrin nìyẹn. Àyà wọn le."

Àyà le! Ọkọ mi tó jẹ́ pé lánàá, nílẹ̀ẹ́lẹ̀ la ti gbé e dìde.

Ọmọ mi kejì sọ fún un pé, "Màmá, ẹ jẹ́ kí màámi lọ. Èmi á dì wọ́n mú."

Ìyá náà yíjú sí i. "Ìwọ náà ti di fẹ́míníìsì bíi ti ẹ̀gbọ́n ẹ? Ṣé ọkọ ẹ mọ̀?"

Ọmọ náà wolẹ̀. "Rárá o, Màmá. Mi ò sọ bẹ́ẹ̀." Ó wá jókòó tì mí lórí bẹ́ẹ̀dì.

Mo ní, "Èmi ni kí ẹ máa pè bẹ́ẹ̀."

"Ẹ gbà mí o! Pẹ̀lú ewú lórí? Jókòó jẹ́ẹ́, ìyàwó."

Kò kúrò lẹ́nu ọ̀nà. A gbọ́ tí ọkọ̀ gbéra, a gbọ́ tí wọ́n ti géètì. Mo bi ọmọ mi pé kí ló bà á lẹ́rù nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Ó ní òun ò mọ̀, pé bí wọ́n ṣe fi pe òun báyìí, ṣe lẹnu òun kú.

Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n sin ín, ní Mọ́níyà. Bàbá rẹ̀ wà níbẹ̀. Èmi wà ní Bódìjà.