Ọjọ́ Tí Rédíò Gbóhùn-mi Rẹ Ohùn Sílẹ̀

Ọjọ́ tí omi gbé afárá lọ, tí gbogbo fóònù sì dákẹ́ rọ́rọ́, ni Gbóhùn-mi jókòó síwájú rédíò rẹ̀, tí òógùn ń bọ́ lára rẹ̀ bí ẹni tó ń gbẹ́ kànga. Àkọ́bí rẹ̀ obìnrin ń rọbí ní ilé ìwòsàn kékeré tó kángun sí ilé wọn, gìrì sì ti mú un. Nọ́ọ̀sì ní oògùn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò lò ó rí, dókítà tó mọ ìwọ̀n rẹ̀ sì wà ní òdìkejì odò. Ẹnì kan ṣoṣo ló lè bá òdìkejì odò sọ̀rọ̀. Ẹni náà rèé, ó ń bá rédíò jà.

Rédíò rẹ̀ kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ń gbọ́ ìròyìn. Èyí tí èèyàn ń sọ̀rọ̀ sí ni, tí ẹlòmíràn á dáhùn láti ọ̀nà jíjìn. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ aláago tó ń gbé òdìkejì odò ní irú rẹ̀, ó sì ti fa dókítà wá sídìí tirẹ̀, ṣùgbọ́n ariwo ìjì ń gé ọ̀rọ̀ wọn jẹ. Ta ló máa fi ààbọ̀ ọ̀rọ̀ wọn oògùn fún aláboyún? Ó di kí wọ́n fi kọ̀ǹpútà kọ ọ́. Àpótí kékeré kan wà láàárín kọ̀ǹpútà àti rédíò tó ń sọ lẹ́tà di igbe, irú rẹ̀ tó wà lódìkejì á sì sọ igbe náà padà di lẹ́tà. Bí igbe bá dé ní pípé, òdìkejì á dáhùn pé òun gbọ́. Bí kò bá dé, àpótí á tún un ké. Ó pẹ́ tí Gbóhùn-mi ti ń to nǹkan yìí, kò tíì gba èsì kan rí. Lọ́jọ́ náà pẹ̀lú, àpótí ké, ó ké, òdìkejì dákẹ́ bí ẹni tó fomi sẹ́nu.

Ó ní wọn ò gbọ́ òun dáadáa ni, ó sì yí bọ́tìnnì ohùn lọ dé òpin.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n. Bó bá ń kí èèyàn lójú ọ̀nà, àwọn tó ń kọjá á dúró láti là wọ́n níjà. Nígbà tó lọ ra wáyà, ó ná an títí oníwáyà fi fọwọ́ dí etí, tó ní kó máa gbé e lọ ní iye tó bá wù ú, kó ṣáà máa lọ. Gbóhùn-mi délé, ó ní ọgbọ́n orí lòun fi rà á.

Àbíkẹ́yìn rẹ̀ obìnrin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó di bátìrì ọkọ̀ mú, torí iná náà ti lọ. Agbára bátìrì ti ń tán lọ. Ọmọ náà ń wo bàbá rẹ̀, ó ń wo àpótí. Bí bàbá bá ń pariwo nínú ilé, gbogbo àdúgbò ló ń gbọ́ ohùn rẹ̀, kò sẹ́ni tó ń gbọ́ ohun tó ń sọ. Ìgbà tí oorun bá ń kùn ún nìkan lọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń yé èèyàn. Àbí bẹ́ẹ̀ náà ni ti àpótí yìí?

“Bàbá, ẹ jẹ́ ká rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀.”

“Ẹni tó wà lódìkejì odò lo fẹ́ sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ sí?”

“Ẹ̀ẹ̀kan péré, Bàbá.”

“Gbọ́wọ́ kúrò níbẹ̀.”

Nọ́ọ̀sì yọjú lẹ́nu ọ̀nà. Ó wo ojú kọ̀ǹpútà, ó wo ojú wọn, ó sì sáré padà.

Láti kékeré ni ọmọ yìí ti ń fi bàbá rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀, ó sì mọ ohun tó lè gbé e kúrò lórí àga. Ìyá wọn a máa sá aṣọ sórí wáyà tí rédíò fi ń gbóhùn jáde lẹ́yìnkùlé, Gbóhùn-mi a sì ní aṣọ tútù ló ń mu ọ̀rọ̀ òun. Ìyá a dá a lóhùn pé bí aṣọ òun bá lè mu ọ̀rọ̀, òun ì bá ti fi dí i lẹ́nu láti ọjọ́ ìgbéyàwó.

“Bàbá, aṣọ ìbora Màámi tún ti wà lórí wáyà yín o.”

Gbóhùn-mi fò dìde, ó ń bú aṣọ ìbora wọnú òjò lọ. Kó tó yí igun ilé, ọmọ ti yí bọ́tìnnì padà, díẹ̀, díẹ̀ sí i, títí igbe àpótí fi di ohùn ẹyẹ kékeré. Àpótí ké lẹ́ẹ̀kan. Ó dúró. Ni rédíò bá ké padà, ọ̀rọ̀ sì ń jáde lójú kọ̀ǹpútà: orúkọ oògùn, ìwọ̀n rẹ̀, ibi tí wọ́n á gún un sí.

Bàbá wọlé, omi ń kán lára rẹ̀. “Mo ti ká a kúrò,” ó wí. Òjò ti ń rọ̀ láti àárọ̀, kò sẹ́ni tó sá aṣọ kankan.

Nígbà náà ló rí ojú kọ̀ǹpútà. Ó la ẹnu, kò sí ohùn tó jáde. Ọmọ rẹ̀ ló já síta, tó fi ohùn tó jọ ti bàbá rẹ̀ gan-an pe nọ́ọ̀sì pé kó wá kà á fúnra rẹ̀.

Gìrì náà rọlẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọmọ tuntun dé, ìyá rẹ̀ sì yè.

Láti ìgbà náà ni ìtàn yìí ti ń dàgbà lẹ́nu Gbóhùn-mi. Aṣọ ìbora kan di méjì, ó di odindi ẹrù aṣọ. Lọ́dún kan, ó di mátírẹ́ẹ̀sì. Ìyá ní òun ń dúró de ọjọ́ tí wọ́n máa ní òun sá bẹ́ẹ̀dì. Àbíkẹ́yìn tí kì í jẹ́ kí irọ́ bàbá rẹ̀ kọjá láìfi ṣe yẹ̀yẹ́ a kàn gbójú sílẹ̀.

Nígbà tí Gbóhùn-mi papò dà, wọ́n pé jọ sí yàrá rẹ̀, wọ́n sọ ìtàn náà bó ṣe máa ń sọ ọ́, mátírẹ́ẹ̀sì àti gbogbo rẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omijé fi dé. Ẹ̀gbọ́n, ẹni tó rọbí lọ́jọ́ náà, wá fara mọ́ àbúrò rẹ̀.

“Mo ń gbọ́ òjò lórí páànù lọ́jọ́ yẹn. Ta ló ń sá aṣọ sínú òjò? Ta ló gbà mí là gan-an?”

Àbúrò wo àga tó ṣófo nídìí rédíò. “Bàbá ni,” ó rọra wí.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbọ́ ọ ketekete.