Akoto Aláwọ̀ Ewé Létí Adágún

Ó kúnlẹ̀ lórí orúnkún kan, ó mú orí okùn bàtà ọ̀tún rẹ̀, okùn tí ó dì dáadáa, ó sì tú u. Ó tún un dì. Kò kánjú. Ó yí i po lẹ́ẹ̀kan, ó fà á, ó wò ó bí ẹni ń wo ojú ọmọ tuntun, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni agogo kẹ̀kẹ́ kan dún, afẹ́fẹ́ gbá a létí, òkúta wẹ́wẹ́ ta lu pátákó. Nígbà tí yóò fi gbójú sókè, ọ̀nà ti dá. Ẹ̀ṣọ́ ọ̀nà kò rí ẹnikẹ́ni. Ohun tí ojú kò sì rí, ẹnu kò lè jẹ́rìí sí i.

Ọ̀nà etí adágún ni wọ́n ní kí ó máa ṣọ́, níbi tí ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́ jọ ń gba afẹ́fẹ́. Wọ́n fún un ní fèrè, ẹ̀rọ kékeré tí ń ka eré kẹ̀kẹ́, àti téèpù pupa. Òfin kò pọ̀. Kí oníkẹ̀kẹ́ má sá eré àsápajúdé. Bí ó bá dé orí afárá onípákó, kí ó sọ̀ kalẹ̀, kí ó máa ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹni tó bá rú u, téèpù pupa á wọ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ rẹ̀, kẹ̀kẹ́ á sì sùn ní ọ́fíìsì fún ọ̀sẹ̀ kan.

Kì í ṣe ojo. Lọ́jọ́ kan, adájọ́ kan bi í léèrè pé, "Ṣé o mọ irú ẹni tí mo jẹ́?"

"Mo mọ̀ yín, sà. Oníkẹ̀kẹ́ ni yín." Ó so téèpù.

Ẹnì kan ṣoṣo ló ń mú okùn bàtà rẹ̀ tú: oníkẹ̀kẹ́ tó ń dé akoto aláwọ̀ ewé. Ìyá tó bí ìyàwó rẹ̀ ni.

Nọ́ọ̀sì ni ìyá náà kí ó tó fẹ̀yìn tì. Dókítà ní kí ó máa gun kẹ̀kẹ́ nítorí orúnkún rẹ̀. Dókítà kò ní kí ó máa fò. Láti ìgbà tí ilé iṣẹ́ tí ẹ̀ṣọ́ wà tẹ́lẹ̀ ti kógbá sílé, ilé ìyá yìí ni òun àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé. Ìyá wà nísàlẹ̀, àwọn wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló mọ ẹni tó wà lókè.

Ẹ̀ṣọ́ ti gbìyànjú láti fọgbọ́n sọ ọ́ nídìí oúnjẹ.

"Màmá, oníkẹ̀kẹ́ kan wà létí adágún tí eré rẹ̀ ti pọ̀ jù."

"Ẹ mú un."

"Àgbàlagbà ni, mà."

"Àgbàyà ni! Ẹ mú un kíá, kó tó pààyàn. Èmi tí mo máa ń rọra lọ jẹ́jẹ́, ṣé ẹnikẹ́ni ń bá mi wí?"

Ìyàwó rẹ̀ tẹjú mọ́ àwo. Ẹ̀rín ń mi èjìká rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹjọ́ ti dé ọ́fíìsì. Bàbá kan tó máa ń fi ọ̀pá rìn létí adágún wọlé pẹ̀lú ewé ní irùngbọ̀n. "Akoto aláwọ̀ ewé ní kí n yà," ni ó wí. "Mo yà. Inú igbó ni mo yà sí."

Ọ̀gá, obìnrin tí kì í pariwo, pe ẹ̀ṣọ́.

"Mo ti wo kámẹ́rà orí afárá. Gbogbo ìgbà tí akoto aláwọ̀ ewé bá ti yọ lọ́ọ̀ọ́kán ni okùn bàtà yín ń tú. Irú bàtà wo nìyẹn?"

"Ó ti gbó ni, mà."

Ọ̀gá fa bàtà rọ́bà kan yọ lábẹ́ tábìlì, èyí tí ń ga dé orúnkún. "Eléyìí ò lókùn. Lọ́la, èmi náà á wà létí afárá. Bí akoto yẹn bá tún kọjá, iṣẹ́ yín níbẹ̀ ti parí nìyẹn."

Nírọ̀lẹ́, ó gbé ọ̀rọ̀ náà fún ìyàwó rẹ̀. "Tí n bá mú màmá, níbo la ó sùn?"

"Tí o ò bá mú wọn, kí la ó jẹ?"

"Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara ẹ̀."

"Ṣé ọ̀bẹ ni ẹ́ ni? Ẹ̀ṣọ́ ọ̀nà ni ẹ́."

Ní òwúrọ̀, ọ̀gá jókòó sórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú ìwé ìròyìn. Agogo dún ní kọ́nà. Ẹ̀ṣọ́ wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Bàtà rọ́bà ń dán, kò sí ohun tí ó lè dì. Ó fọn fèrè. Atẹ́gùn lásán ló jáde. Ó tún un fọn, àwọn ẹyẹ inú adágún sì fò dìde.

Ìyá ti gun afárá, pákó ń ró gbàgà-gbàgà. Ní òdìkejì ni ó ti tẹ bíréèkì, ó sì yí kẹ̀kẹ́ padà.

"Ta ló fọn nǹkan yẹn?"

"Èmi ni, mà. Ẹ káàárọ̀, mà."

"Ṣé ilé ń jó ni?"

"Rárá, mà. Eré yín ni." Ó na ẹ̀rọ sí i.

Ìyá mú awò ojú jáde, ó wo iye tí ẹ̀rọ kọ. "Ẹ̀rọ yín ti bàjẹ́."

"Tuntun ni, mà," ni ọ̀gá wí láti orí bẹ́ǹṣì.

Ìyá wo ọ̀gá, ó wo ẹ̀ṣọ́ láti òkè délẹ̀. "Ọkọ ọmọ mi, ta ló wọ bàtà apẹja fún yín?"

Ìwé ìròyìn wálẹ̀ lójú ọ̀gá. "Ọkọ ọmọ ta?"

Ẹ̀ṣọ́ yọ téèpù pupa. "Màmá, ẹ̀yin lẹ ní kí n mú un."

"Kí ẹ mú ta?"

"Oníkẹ̀kẹ́ tó ń sáré."

"Ẹn-ẹ́n. Ó dà?"

Ẹ̀ṣọ́ ń wo bàtà rẹ̀.

"Èmi? Èmi tí mo máa ń rọra lọ!"

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyí tí bàbá tó máa ń fi ọ̀pá rìn fi yọ ní kọ́nà. Ó rí akoto aláwọ̀ ewé. Ó yà kúrò lọ́nà, ó wọ inú koríko, ó ṣí fìlà.

"Kí lẹ̀ ń ṣe níbẹ̀ yẹn?" ni ìyá bi í.

"Mò ń yà fún yín ni, mà."

"Mo dúró!"

"Mo rí i, mà. Mo kàn ní kí n tètè yà ni."

Ìyá wo koríko. Ó wo bàbá tó wà nínú rẹ̀, ó wo fìlà tó ṣí. Lẹ́yìn náà ó sọ̀ kalẹ̀.

"Ẹ so ó."

Ẹ̀ṣọ́ rọra yí téèpù pupa mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́.

"Ẹ fà á le dáadáa. Báyẹn kọ́ ni wọ́n ń so nǹkan." Ìyá gba téèpù lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi ọwọ́ nọ́ọ̀sì so ó, ó já ìyókù. "Kí òjò má pa kẹ̀kẹ́ mi o."

"Kò ní pa á, mà. Màmá, ní ti ilé..."

"Kí ló ṣe ilé?"

Ẹ̀ṣọ́ di kẹ̀kẹ́ náà mú.

Ìyá yọ akoto, ó fi há abíyá, ó fi ẹsẹ̀ kọrí sílé. Kò wẹ̀yìn. Níwájú, àwọn ọ̀dọ́ méjì ń sáré òwúrọ̀ tiwọn lọ. Ó bá wọn, ó ní kí wọ́n yà, ó sì kọjá.